Ẹ bá mi wo ẹrù yìí: aṣọ wo ni kí a dì fún alẹ́ méje lórí ọkọ̀ ojú omi ní Alaska?

Abíkẹ́ béèrè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi, ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àti èmi ń lọ wo Alaska lóṣù Keje. Vancouver ní Kánádà ni ọkọ̀ yóò ti gbéra. A ó yà ní Ketchikan, Juneau àti Skagway, a ó sì wọ Glacier Bay, ibi tí odò yìnyín ti ń dé etí òkun. Àpótí oníkílò 23 kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé wọ bàálù. Ohun tí mo ti kó sílẹ̀ nìyí: kóòtù òtútù ńlá kọ̀ọ̀kan, jíǹsì mẹ́ta-mẹ́ta, tíṣẹ́ẹ̀tì òwú, agboòjò àti bàtà tuntun. Kóòtù nìkan ti gba ìdajì àpótí. Àwọn kan ní ìgbà ooru ni, kí n kó aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn ní òtútù ò ní jẹ́ ká lè dúró níta. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyá nínú ọ̀rọ̀ yín, òtútù kì í bá wọn lára mu.

Ọmọ Atukọ̀:
Abíkẹ́, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, ìdí sì nìyẹn tí kóòtù ńlá kò fi ní wúlò fún yín. Ní Ketchikan àti Juneau, ọ̀sán oṣù Keje máa ń wà ní nǹkan bí 17 sí 18°C, òru á já sí 10 tàbí 11. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ibẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀. Ọjọ́ kan lè lé ní 25, kí ọjọ́ kejì má kọjá 13, kí òjò sì máa rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kóòtù ńlá ò mọ̀ ju kí ẹ wọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ bọ́ ọ lọ. Aṣọ mẹ́ta tó ń gun ara wọn ni ẹ nílò, tí ẹ lè máa bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Inú ọkọ̀ móoru, ẹ má ṣèyọnu nípa ìyẹn. Òkè ọkọ̀ níta ni kí ẹ múra fún. Bí ọkọ̀ bá ń sá ní nǹkan bí kìlómítà 37 láàárín wákàtí kan, òun fúnra rẹ̀ ń dá atẹ́gùn sílẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá jẹ́ 7°C, ojú àti ọwọ́ yóò gbà á bíi 2. Ní Glacier Bay, ọkọ̀ máa ń dúró fún bíi wákàtí kan níwájú Margerie, odò yìnyín ńlá kan níbẹ̀. Atẹ́gùn tútù ń ti orí yìnyín sọ̀ kalẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wọlé, nítorí gbogbo ojú ló ń dúró de ìgbà tí yìnyín yóò ya lulẹ̀ sínú omi. Àìrìn yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí òtútù mú èèyàn. Ẹni tó ń rìn lè ṣe é pẹ̀lú aṣọ méjì. Ẹni tó dúró sójú kan nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Aránṣọ:
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ òwú. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín fọ́nrán aṣọ ló ń mú ara móoru, kì í ṣe bí aṣọ ṣe wúwo tó. Bí òwú bá rin, omi ló ń gba ààyè afẹ́fẹ́ yẹn, omi sì ń gbé ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, inú ọkọ̀ àti orí ibùsùn ni kí tíṣẹ́ẹ̀tì òwú mọ. Jíǹsì, ẹyọ kan ti tó, kí ẹ sì wọ ọ́ lọ sínú bàálù kó má gba àyè. Bó bá rin, ó lè má gbẹ tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Aṣọ kìíní, èyí tó kan ara: irun àgùntàn merino tàbí pólísítà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 150 sí 200 ní mítà onígun kan. Fọ́nrán irun àgùntàn lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó ṣì ń há afẹ́fẹ́ mọ́ra bó tilẹ̀ tutù, kì í sì í tètè rùn. Ẹ lè wọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Méjì tàbí mẹ́ta tó ẹnì kan. Aṣọ kejì: súwẹ́tà fleece (aṣọ pólísítà onírun múlọ́múlọ́) kan, àti jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ki nǹkan sí nínú. Èyí tó ní ìyẹ́ nínú ṣeé ká kéré, ṣùgbọ́n bí omi bá wọ̀ ọ́, ìyẹ́ á dì pọ̀, kò sì ní mú ara móoru mọ́. Fún ibi olójò bí èyí, èyí tí wọ́n ki fọ́nrán pólísítà sí ni mo fara mọ́.

Aṣọ kẹta ni àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Aṣọ òjò tí wọ́n kọ "water-resistant" sí lára yóò dá òjò wínníwínní dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà omi á wọlé. "Waterproof" ni kí ẹ wá, kí òṣùwọ̀n rẹ̀, ìyẹn gíga òpó omi tí aṣọ lè gbà lórí kí omi tó wọlé, má sì dín ní 10,000 mm. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ wo gbogbo ojú rírán: ó gbọ́dọ̀ ní téèpù lórí. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá ni omi lè gbà, téèpù yẹn ló ń dí i. Kí ó ní fìlà tó ṣeé fà pọ̀ yí ojú ká. Ẹ gbé e wọ̀ sórí súwẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bí apá rẹ̀ bá fà kúrò ní ọrùn ọwọ́, tàbí tí ìdí rẹ̀ bá gòkè kọjá ìbàdí, ó ti kéré. Ṣòkòtò òjò pẹ̀lú o! Ọ̀pọ̀ ń ra tòkè nìkan, òjò orí jákẹ́ẹ̀tì á wá máa ṣàn sí itan wọn.

Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan látijọ́, ẹ da omi ife kan sí i lórí. Bí omi bá ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ṣì dára. Bí aṣọ bá ń mu ún, ẹ fọ̀ ọ́ láìlo oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀. Lẹ́yìn náà, bí àkọlé inú rẹ̀ bá gbà á láyè, ẹ fi sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ fún ìṣẹ́jú 20 lórí ooru kékeré.

Ìyá Ìbejì:
Ti ìyá ló jẹ mí lógún. Ẹ má fún wọn ní súwẹ́tà àgbéborí. Oní-síìpù iwájú ni kí ẹ rà, kí wọ́n má baà máa gbé èjìká sókè nígbàkigbà tí ooru bá mú wọn. Ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn ti merino méjì, fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́ tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá, àti ohun tí wọn ó fi wé ọrùn. Ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tó fún wọn: yóò dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ á sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀. Bàtà wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ onírọ́bà tó ní ìlà jíjinlẹ̀ lábẹ́, nítorí ilẹ̀ òkè ọkọ̀ máa ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ní Glacier Bay, ẹ wá ìjókòó fún wọn lẹ́yìn gíláàsì ní kùtùkùtù, kí wọ́n máa jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Abíkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbé kóòtù kúrò. Bàtà tuntun àti agboòjò ńkọ́? Skagway náà ńkọ́, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin òkè White Pass níbẹ̀.

Ọmọ Atukọ̀:
Ẹ fi agboòjò sílẹ̀. Atẹ́gùn á yí i padà, kò sì wúlò rárá nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń lọ wo àbùùbùtán. Skagway kì í sábà rin bíi Ketchikan, ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ le. Ọkọ̀ ojú irin náà ń gùn láti etí òkun dé mítà 873, ẹ retí kí òkè fi ìwọ̀n márùn-ún sí mẹ́fà tutù ju ìsàlẹ̀. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn nígbà tí ẹ ń wọkọ̀.

Aránṣọ:
Níbi agboòjò, mi ò bá yín lọ, ẹ̀gbọ́n. Òjò tó ń rọ̀ ní Ketchikan lé ní 3,500 mm lọ́dún. Agboòjò kékeré kan fún ìyá, láti etí ọkọ̀ dé ojú títì, kò gba àyè. Ẹyọ kan o, kì í ṣe mẹ́ta.

Bàtà tuntun: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wákàtí kan lójúmọ́, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò gan-an. Ẹ mú bàtà kejì dání. Bí ọ̀kan bá rin, ẹ yọ tìmùtìmù inú rẹ̀, kí ẹ ki bébà sínú, kí ẹ sì pààrọ̀ bébà náà lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbẹ ẹ́, gọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tú.

Ọmọ Atukọ̀:
Mo gbà fún ti ìyá.

Nǹkan díẹ̀ tó kù. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín nítorí iná. Nítorí náà, aṣọ tí kì í rún ni kí ẹ mú fún alẹ́ ìmúra, ìyẹn alẹ́ tí wọ́n ń múra bí ẹni ń lọ òde jẹun nínú ọkọ̀, ọ̀kan tàbí méjì ni alẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ nínú méje. Ògiri yàrá sábà máa ń jẹ́ irin: ìkọ́ onímágnẹ́ẹ̀tì mẹ́rin yóò gba gbogbo aṣọ òjò yín. Aṣọ tí ẹ bá fọ̀, ẹ fi aṣọ ìnura ká a, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ tó sá a nílé ìwẹ̀. Ẹ mú aṣọ ìwẹ̀ dání, àti ìbòjú fún oorun, nítorí oòrùn kì í wọ̀ ní Juneau lóṣù Keje títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àpótí lè pẹ́ ní wákàtí púpọ̀ kó tó dé yàrá. Nínú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn ìyá, súwẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti aṣọ òjò wà. Lálẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á ní kí ẹ gbé àpótí síta yàrá kí wọ́n wá kó o. Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ yọ aṣọ àti bàtà àárọ̀ ọjọ́ kejì sílẹ̀.