Kí ló dé tí pákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fi ń hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú tcpdump?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí, mo so eth0 (káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) mọ́ bond0 (ojú ọ̀nà tó ń so káàdì pọ̀ di ọ̀kan) lórí Linux, mo sì gbé VLAN bond0.10 (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a pín sọ́tọ̀ pẹ̀lú àmì 10) lé e lórí. Bí mo bá lo "tcpdump -i any", irinṣẹ́ tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí gbogbo ojú ọ̀nà hàn, pákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà) kan tó wọlé máa ń hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣé kernel (ọkàn Linux) ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni?

Èsì 1: Rárá o, pákẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń lọ láti ipele dé ipele: eth0, bond0, bond0.10. Nínú __netif_receive_skb_core, ìyẹn apá kernel tó ń gba pákẹ́ẹ̀tì wọlé, tcpdump ni a kọ́kọ́ fi pákẹ́ẹ̀tì náà hàn. Lẹ́yìn náà ni rx_handler (iṣẹ́ tó ń gba pákẹ́ẹ̀tì) tí bond0 fi sórí eth0 yóò yí skb->dev, ìyẹn orúkọ ojú ọ̀nà tí a kọ sára pákẹ́ẹ̀tì, padà sí bond0, tí kernel yóò sì padà sí ibi tí a ń pè ní another_round nínú kóòdù náà láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, tí tcpdump yóò sì tún rí i. Iṣẹ́ mìíràn, vlan_do_receive, ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún bond0.10.

Èsì 2: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí iptables, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ òfin fún pákẹ́ẹ̀tì, gidigidi: ìgbà tí pákẹ́ẹ̀tì bá dé bond0.10 nìkan ni ip_rcv, ẹnu ọ̀nà apá IP nínú kernel níbi tí òfin iptables ti ń bẹ̀rẹ̀, ń gbà á, nítorí náà òfin tí a bá kọ pẹ̀lú "-i eth0" kò ní mú un rárá.

Èsì 3: Bí ẹ bá fẹ́ mọ wáyà tó gbé e wọlé, eth0 ni kí ẹ wò.