Èsì sí «Ẹ̀kọ́ fún Ìdàgbàsókè Alágbéró»: ta ló ń gbé e ró?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ti fi àkọlé ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn olùkọ́ hàn wá: Ẹ̀kọ́ fún Ìdàgbàsókè Alágbéró, ìyẹn ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Education for Sustainable Development. Ẹ̀gbọ́n ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé alágbéró ti wà káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé bí a bá tún yí i padà, orí àwọn ọmọ yóò dàrú. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n gidigidi. Àmọ́ n kò gbà. Ọ̀rọ̀ lè wà káàkiri kó má tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Oní pẹ̀lú àgbéró ni. Kí ni àgbéró? Ohun tí a gbé ró. Gbogbo à-gbé tí mo mọ̀ nínú èdè yìí, ẹlòmíràn ló ń ṣe gbígbé náà. Àgbéyẹ̀wò kì í yẹ ara rẹ̀ wò, àgbélébùú kò sì gbé ara rẹ̀ lé ibùú. Dúró yàtọ̀ sí i pátápátá. Ẹni tó dúró, òun fúnra rẹ̀ ló dúró. Ẹni tí wọ́n gbé ró, bí wọ́n bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ó di ilẹ̀. Tí a bá wá ní ìdàgbàsókè jẹ́ alágbéró, ohun tí a sọ ni pé ẹnìkan ń fi ọwọ́ tì í. Ta ni? Àwa tí a ń gbé nílé mọ ìdáhùn. Abúlé wo ni kò ní kànga ẹ̀rọ tí àwọn olùrànlọ́wọ́ kan wá gbẹ́, tí wọ́n ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ọwọ́ ẹ̀rọ náà sì kán ní kété tí wọ́n lọ, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a ti ń ra òmíràn? Alágbéró gidi nìyẹn. Ohun tí gbogbo ayé sì ń sá fún nìyẹn náà.

Ẹnìkan láti Ìbàdàn gbèjà ẹ̀gbọ́n, ó ní òpó ló ń gbé ilé ró, ilé kì í sì í torí ẹ̀ wó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òpó ni agbéléró. Èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ilé ní alágbéró.

Kí ẹ tún rántí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù. Àmì ohùn kì í sí níbẹ̀. Ẹ bọ́ àmì kúrò lára alágbéró, kí ẹ gbé e fún ọmọ tó ń gba gáréèjì kọjá lọ sílé ìwé láràárọ̀. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ ní kíláàsì: ọmọbìnrin kan ka «idagbasoke alagbero» sókè, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé àwọn agbèrò náà ní ìdàgbàsókè tiwọn ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, nítorí ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tó wà lójú ìwé ló kà.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ gan-an, kí a tó máa wá orúkọ fún un? Ní 1987, ìgbìmọ̀ kan tí Gro Harlem Brundtland, obìnrin tó jẹ́ olórí ìjọba Norway nígbà náà, ṣe alága rẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé túmọ̀ rẹ̀ báyìí: ìdàgbàsókè tó ń tán àìní àwọn tó wà láyé lónìí láì dí àwọn ìran tó ń bọ̀ lọ́wọ́ láti tán tiwọn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbígbéró kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló wà níbẹ̀, òun sì ni egungun ẹ̀yìn gbólóhùn náà.

Àwọn ará Jámánì ti rí èyí kí Brundtland tó dáyé. Ní 1713, Hans Carl von Carlowitz, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwakùsà ní Saxony, kọ ìwé lórí igbó, torí pé igi tí wọ́n fi ń yọ́ fàdákà ti ń tán. Ó ní kí wọ́n má ṣe gé ju èyí tí igbó lè hù padà lọ. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń tọpa nachhaltig wá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò lónìí fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sustainable, nach tó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yẹn, «lẹ́yìn» ni. Ọ̀dọ̀ wọn ní Bonn ni UNESCO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà lágbàáyé, ti pe ìpàdé àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ yìí ní 2009, ní agbedeméjì ọdún mẹ́wàá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún un, láti 2005 dé 2014. Ìkéde Berlin lórí ẹ̀kọ́ yìí kan náà sì tún jáde ní 2021. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ ní èdè tiwọn, ẹ̀yìn wà lẹ́nu wọn.

Arábìnrin wa láti Kétu, lápá Bẹ̀nẹ̀, mú ìdàgbàsókè atọ́jọ́ wá, nítorí durable ni Faransé ń pè é nílé ìwé wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju alágbéró lọ fíìfíì. Ìyá tí kò ka ìwé rí mọ tọ́jọ́, a- tó wà níwájú rẹ̀ sì mọ́ gaara. Síbẹ̀, iye ọjọ́ nìkan ni tọ́jọ́ ń kà. Kò béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọjọ́ náà. Ìyà máa ń tọ́jọ́. Àwọn ọ̀rá omi tí a ń jù sójú àgbàrá yóò tọ́jọ́ ju àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ, kò sì sí ohun tó jìnnà sí ọ̀rọ̀ Brundtland tó ọ̀rá. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bí àwọn ará kò bá gba tèmi, tiyín ni n óò dìbò fún.

Tèmi ni awẹ̀yìn. Ìdàgbàsókè awẹ̀yìn.

N kò dá a láti inú òfìfo. Gbogbo wa la mọ àjẹìwẹ̀yìn, ẹni tó ń jẹun láì ro ti ẹni tó kù. Ọ̀rọ̀ èébú ni láti ayébáyé. Àwọn àgbà ti ní orúkọ fún àìdára náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìpàdé kankan lórí rẹ̀. Ohun tí a kò ní ni orúkọ fún dáadáa rẹ̀. Ẹ yọ ìyísódì (ì- tó túmọ̀ sí «láì») kúrò, kí ẹ yọ jíjẹ kúrò, torí ìdàgbàsókè kì í ṣe oúnjẹ. Wẹ̀yìn ló kù. Wò sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù níwájú àbọ̀ rẹ̀ (ẹ̀yìn, ohun tí a wò), fáwẹ̀lì wò yọ kúrò, ohùn ẹ̀yìn dúró síbẹ̀. A fi a- sí i: awẹ̀yìn, ohun tó ń wo ẹ̀yìn. Ẹ bọ́ àmì rẹ̀, ẹ rí i bóyá ó jọ agbèrò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà ta kò mí. Wọ́n ní ẹni tó ń wẹ̀yìn kò lè lọ síwájú, wọ́n sì mẹ́nu ba aya Lọ́ọ̀tì. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú Yorùbá, ibi tí à ń lọ gan-an lè jẹ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ọ̀la ńkọ́? Tí ìyá bá ń gbàdúrà pé kí ẹ̀yìn òun dára, ṣé àná ló ń sọ ni? Àwọn ọmọ tí yóò sin ín ló ń sọ. Ẹ̀yìn ẹni ni ẹni tó kù nígbà tí a bá lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tún béèrè oyè tí mo ní tí mo fi ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ ni mí, kíláàsì ni mo ti dàgbà. Nígbà tí Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣírò àti sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, ojú pátákó ni wọ́n ti ń dán ọ̀rọ̀ wò, iwájú àwọn ọmọ. Èyí tí ọmọ bá gbé lọ sílé ni ó yè. Mo bọlá fún àwọn ọ̀mọ̀wé tó ṣe ìwé èdè-ìperí (àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìmọ̀), Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì. Ṣùgbọ́n n kò mọ òfin tó ní kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ panu mọ́.

Bàbá mi àgbẹ̀ kò mọ UNESCO. Ilẹ̀ tó bá ti gbiṣu sí títí tí kò fi ṣe dáadáa mọ́, á fi í sílẹ̀ kó di igbó padà, á lọ sí apá ibòmíì, kò sì ní jẹ́ ká fọwọ́ kàn án títí yóò fi sinmi tó. Ẹ lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin: a kì í gé igi ibẹ̀, a kì í dẹ igbó ibẹ̀, a kì í pa ẹja odò ibẹ̀. Ọdún 2005 tí ọdún mẹ́wàá ti Àjọ Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ náà ni UNESCO kọ igbó yìí mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Ó ń dùn mí pé a ní irú èyí nílé, a sì ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò máa sọ wá di ẹni tí wọ́n ń gbé ró.

Ó ku ọ̀rọ̀ «fún» tó wà nínú àkọlé náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ta ni a fún ní ẹ̀kọ́ nínú àkọlé yín? Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé, ọmọdé ló jókòó ní kíláàsì. Ẹ̀kọ́ fún ìdàgbàsókè wá ńkọ́? Ẹlòmíràn ní kí a fi «nípa» rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn náà kò ṣe é. Láti ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Rio ní 1992 ni wọ́n ti kọ ọ́ sí orí 36 Agenda 21, ìwé ètò tó jáde níbẹ̀, pé ẹ̀kọ́ ṣe kókó fún ìdàgbàsókè yìí. Japan dá àbá ọdún mẹ́wàá náà ní ìpàdé Johannesburg ní 2002. Nígbà tí àfojúsùn 4.7, ọ̀kan lára àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sì jáde ní 2015, ohun tó béèrè ni pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ àti òye iṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe é. Mímọ̀ nípa rẹ̀ lásán kò tó. Èdè wa sì ti yanjú èyí láìlo ọ̀rọ̀ atọ́kùn kankan: ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ̀kọ́ ilé kì í ṣe ẹ̀kọ́ fún ilé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ilé. Ẹ̀kọ́ tó ń sọ ọmọ di ẹni tó ṣeé fi ilé sílẹ̀ fún ni. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà, Ẹ̀kọ́ Ìdàgbàsókè Awẹ̀yìn, orúkọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú ẹ̀yán wọn (ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé wọn), ó tán.

Ní ti bàbá wa tó ní ẹ̀hìn ni kí n kọ bíi ti tẹ́lẹ̀, pé àkọtọ́ 1974 (ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀) ló ba èdè jẹ́, mo ti rí i, n kò sì ní dá yín lóhùn nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yìn ni mo ń kọ, ẹ̀yìn ni n óò máa kọ.

Ẹ̀gbọ́n ní ìwé ń lọ sílé ìtẹ̀wé lóṣù tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá a dúró kí a gbọ́ tẹnu àwọn olùkọ́ díẹ̀ sí i. Tí kò bá ṣeé dá dúró mọ́, ẹ rí i pé gbogbo àmì ohùn wà lára èèpo ìwé náà, kódà bí onítẹ̀wé bá ní ẹ̀rọ òun kò lè tẹ̀ ẹ́.