Báwo la ṣe ń mọ ọjà tó wọ́n lóòótọ́ nílùú òyìnbó?

Ọmọ Ìjìgbò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn méjì ń palẹ̀ mọ́ nílé wa ní Adó yìí, ọ̀kan ń lọ kàwé ní Kánádà, èkejì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Nọ́wè. Iye tí à ń gbọ́ pé wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀ ń dẹ́rù bà wá: bọ́tà, ẹran, wàràkàṣì, títí kan ata lásán. Báwo lèèyàn ṣe lè fi ọjà ibẹ̀ wé ti Ọjà Ọba láìṣìṣirò? Kí ló dé tí ìlú olówó tó ń sìn màlúù fúnra rẹ̀ ṣe ń ta wàrà wọ́n bẹ́ẹ̀? Kí ló sì yẹ kí wọ́n dì láti ilé?

Oníwọ̀n Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ pa náírà tì ná, kílò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kóńgò tiwa kò dọ́gba: ẹlòmíràn á ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, ẹlòmíràn á wọ̀n ọ́n kó ga lórí, bẹ́ẹ̀ kóńgò gaàrí kan kì í wúwo tó ti ìrẹsì. Ẹ gbé kóńgò kan sórí ìwọ̀n, kí ẹ fi iye kílò tó bá jẹ́ pín owó rẹ̀. Ní Kánádà, ṣọ́ọ̀bù máa ń kọ iye pọ́ùn kan (ìwọ̀n ni o, kì í ṣe owó) gàdàgbà, á wá kọ ti kílò wínníwínní sísàlẹ̀. Gíráàmù 454 ni pọ́ùn kan. Ẹ sọ iye pọ́ùn di ìlọ́po 2.2, iye kílò nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń kọsẹ̀: wọ́n á rí dọ́là 5 lára ẹran, wọ́n á rò pé kílò ni, dọ́là 11 sì ni kílò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi owó iṣẹ́ wákàtí kan pín in. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin lọ́dọ̀ wa jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024. Tí èèyàn bá ń fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́ lójúmọ́ fún ọjọ́ 22, wákàtí 176 ni, nǹkan bí ₦398 fún wákàtí kan. Ká ní kílò ìrẹsì jẹ́ ₦1,800, iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn. Ní Kánádà, owó wákàtí tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 jẹ́ dọ́là 17.75, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ká ní kílò ìrẹsì jẹ́ dọ́là 4 níbẹ̀, kò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú 14. Àpẹẹrẹ ni iye ìrẹsì méjèèjì, ẹ fi ti ọjọ́ tí ẹ bá lọ sọ́jà rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ ẹ kíyè sí i: akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá sí Kánádà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 24 lọ lọ́sẹ̀ níta ọgbà nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ẹ yọ owó ilé kúrò kí ẹ tó ṣírò oúnjẹ rárá.

Àgbẹ̀ Ìgbemọ
Ní ti wàrà, ibodè tí kì í jẹ́ kí wàrà òkèèrè tó pọ́ọ́kú wọlé ni kí ẹ wò, ẹ má wo màlúù. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni Nọ́wè ti ń gba owó ibodè ìdá 277 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pọ̀ wàràkàṣì líle. Èyí tó jẹ́ króònù (owó Nọ́wè) 100 á ti di 377 kí ṣọ́ọ̀bù tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Ìwọ̀nba tí àdéhùn pẹ̀lú Yúróòpù yọ̀ǹda fún nìkan ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Abájọ tí àwọn ará Nọ́wè fi ń wakọ̀ lọ ra ẹran àti wàràkàṣì ní Strömstad ní Swídìn. Ní Kánádà, àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ta wàrà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ tó sọ iye tó lè tà, bọ́tà òkèèrè tó bá sì kọjá iye tí òfin gbà ń san ìdá 298 àti díẹ̀ lé. Japan ń gba yẹ́ẹ̀nì 341 lórí kílò kan ìrẹsì òkèèrè tó bá kọjá iye tí àdéhùn gbà. Nígbà tí tilé ò tó mọ́, àpò kílò 5 kọjá yẹ́ẹ̀nì 4,000 lọ́dún 2025, nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú.

Èmi ò ní bú irú ìdènà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n ti ibodè wa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, ìrẹsì ilé rí ààyè lọ́jà. Ṣùgbọ́n títi ibodè kì í ra ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, kì í sì í tún ọ̀nà oko ṣe. Tí ìjọba bá dá a ṣe láìṣe ìwọ̀nyí, ẹni tó ń ra kóńgò kan ló ń jìyà ẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́yin
Kì í ṣe ibodè nìkan o. Ẹ wo ẹyin Amẹ́ríkà: ní oṣù kẹta 2025, méjìlá rẹ̀ di dọ́là 6.23. Bird flu, àrùn adìyẹ tó ń ràn, ló fà á. Tó bá ti wọ oko kan, gbogbo adìyẹ ibẹ̀ ni wọ́n ń pa, àtèyí tó ń ṣàìsàn àtèyí tí kò ṣe é. Wọ́n á fọ ilé adìyẹ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, adìyẹ tuntun kò sì ní yé títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Ìdí nìyẹn tí owó ẹyin kì í fi í wálẹ̀ kíá bí àrùn tilẹ̀ ti lọ.

Adìrù Ọjà Ọba
Ní ti ẹrù: kílò 23 ni báàgì kan sábà máa ń jẹ́, ẹ má fi ru omi. Ju ìdajì isu tútù lọ, omi ni, ibi tó bá sì ti ha ni yóò ti máa jẹrà. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí isu wọ́n lọ́hùn-ún: ó wúwo lọ́kọ̀, apá kan á sì ti bàjẹ́ kó tó dé.

Èlùbọ́, gaàrí àti ata gbígbẹ ni kí ẹ dì. Ẹ sá ata títí yóò fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ dá gaàrí padà sínú agbada fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí iná kékeré. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì tutù pátápátá kí ẹ tó rọ wọ́n sínú ọ̀rá, torí ooru á làágùn nínú ọ̀rá, oúnjẹ á sì bu.

Ẹ fi ẹran gbígbẹ àti wàràkàṣì wa sílẹ̀, Nọ́wè kì í gbà á lọ́wọ́ èrò tó ti Áfíríkà wá. Ẹni tó ń lọ sí Kánádà, kó dárúkọ gbogbo oúnjẹ tó gbé fún òṣìṣẹ́ ibodè, èyí tó fi pa mọ́ ló ń dá ìtanràn sílẹ̀. Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà láti ọdún 2015, nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ó dùn mí, torí ẹ̀wà ò nílò oògùn yẹn: tó bá gbẹ dáadáa, tí a sì dì í sínú àpò alápò mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kòkòrò á kú fúnra wọn.

Ọmọ Ìjìgbò
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á máa fún yín lágbára. Ṣé iye tí wọ́n bá kọ síwájú ọjà náà lèèyàn máa san?

Oníwọ̀n Ìkẹ́rẹ́
Ní Nọ́wè, bẹ́ẹ̀ ni, owó orí ọjà (VAT) ti wà nínú rẹ̀. Ní Kánádà, wọ́n ń fi kún un níbi tí wọ́n ti ń sanwó, ṣùgbọ́n ìrẹsì, ẹran, ẹ̀fọ́ àti wàrà kì í san án. Ìpápánu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń san án. Nọ́wè tún ń gba owó ìdógò lórí ìgò oníke àti agolo ohun mímu, króònù 2 lórí kékeré, 3 lórí ńlá. Ẹ̀rọ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń dá a padà. Kí wọ́n má ṣe tẹ ìgò náà pẹlẹbẹ, torí tí ẹ̀rọ kò bá rí àmì ara rẹ̀ kà, kò ní san kọ́bọ̀.