Pọ́ǹpù Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì: ṣé kí n yọ ọ́ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́. Iléṣà ni mo wà. Bàbá mi fi Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan. Èyí tí ilé iṣẹ́ Pininfarina kan ara rẹ̀ ní Ítálì ni.

Ọkọ̀ yìí ń mu epo bí ẹní mumi, ó ń tu èéfín dúdú, tó bá sì ti gbóná, tí mo pa á, kì í jí mọ́ àfi tó bá sinmi dáadáa. Mẹkáníìkì mi, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí 504, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fìka kan páìpù tín-ín-rín mẹ́rin tó jáde lára pọ́ǹpù Kugelfischer, èyí tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì dípò kábúrétọ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, jẹ́ n yọ wàhálà yìí, kí n gbé kábúrétọ̀ sí i. Lọ́la lo máa wà á dé Òṣogbo."

Òótọ́ ni mẹkáníìkì yìí sọ. Ẹ́ńjìnì oní-1971 sísíì (bó ṣe tóbi tó nìyẹn) yẹn náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin tó ń lo kábúrétọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbé e. Wọ́n ní pọ́ǹpù yìí ní ohun kan tó ń fi epo kún un nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ṣé ibẹ̀ ló há sí? Ta ló mọ ẹni tó lè tún un ṣe ní Nàìjíríà?

Iná ẹ̀yìn apá òsì náà ti fọ́. Ti onílẹ̀kùn mẹ́rin ò bá a mu. Mo ti rin ọjà Ládípọ̀ já l'Ékòó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n tà á. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ìyẹn tó.