Kí nìdí tí wọ́n fi ń so lẹ́tà f àti i pọ̀ nínú ìwé?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìtẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé, bí f bá ṣíwájú i, ńṣe ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ra bí lẹ́tà kan ṣoṣo, tí àmì róbótó orí i á sì pòórá. Ṣé ẹwà nìkan ni wọ́n ń wá? Ṣé ó yẹ kí èmi náà máa lò ó nínú ìwé tí mo ń tò lórí kọ̀ǹpútà?

Ìdáhùn kìíní
Ẹwà nìkan kọ́. Nígbà tí wọ́n ń fi òjé rọ lẹ́tà, orí f tó tẹ̀ síwájú sábà máa ń yọ kọjá òjé tó gbé e, tí á máa kọlu àmì orí i tàbí ọ̀pá l, ó sì lè ṣẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ fi, fl, ff, ffi àti ffl sórí òjé kan náà. Àṣà yìí ti wà ṣáájú ìtẹ̀wé ṣá, nítorí pé àwọn adàwékọ máa ń so lẹ́tà pọ̀ kí ọwọ́ wọn lè yá, kí ìlà sì lè gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́tà e àti t nínú et, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí “àti”, ni wọ́n so títí ó fi di àmì &. Lẹ́tà alásopọ̀ pọ̀ nínú Bíbélì tí Gutenberg, aṣáájú ìtẹ̀wé ní Yúróòpù, tẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1455, wọ́n sì wà lára ohun tó mú kí etí àwọn ìlà rẹ̀ dọ́gba.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ló yẹ ẹ́. Lédè Tọ́kì, i tó ní àmì lórí yàtọ̀ sí ı tí kò ní, nítorí náà bí f bá gbé àmì yẹn mì, òǹkàwé kò ní mọ èyí tí a kọ. Lédè Jámánì, wọn kì í so fl nínú Auflage, torí pé Auf parí sórí f kí lage tó bẹ̀rẹ̀. Ti Yorùbá tiwa ló ká mi lára jù: a lè so fi, ṣùgbọ́n nínú fí àti fì, àmì ohùn gbọ́dọ̀ hàn kedere. Bí orí f inú fọ́ǹtì yín (ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ ń lò lórí kọ̀ǹpútà) bá ń gun àmì ohùn, ẹ wá fọ́ǹtì mìíràn.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín mú U+FB01, ìyẹn fi alásopọ̀ inú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà lè má rí i. Ẹ tẹ f, kí ẹ tẹ i, kí fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ so wọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi àyè sáàárín àwọn lẹ́tà àkọlé, ẹ pa ìsopọ̀ náà, kí f àti i má baà lẹ̀ mọ́ra nígbà tí àwọn yòókù jìnnà síra wọn.