Hítà kìlówáàtì mélòó ló yẹ kí n so mọ́ geothermal ilé wa?

Bàbá Tọ́lá (Minneapolis)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. A fẹ́ yọ ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé wa gbóná, ká fi heat pump geothermal (ẹ̀rọ tó ń fa ooru inú ilẹ̀ wá sínú ilé) tọ́ọ̀nù 4 rọ́pò rẹ̀; tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀rọ náà. Ìṣirò Manual J (ìyẹn ìṣirò ooru tí ilé nílò) fi hàn pé bí òtútù bá dé -11°F níta, 50,000 BTU (òṣùwọ̀n ooru) ni ilé ń pàdánù ní wákàtí kan. Nígbà tí omi inú páìpù ilẹ̀ bá tutù gan-an, nǹkan bí 38,000 ni ẹ̀rọ yìí máa mú wá. Agbaṣẹ́ṣe kan ní kí n fi hítà oníná 20 kW (kìlówáàtì) kún un, èkejì ní 5 ti tó. Pánẹ́ẹ̀lì iná wa ò ju 100 amp lọ, Màmá mi sì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta ní December. Mi ò fẹ́ kí òtútù pa wọ́n lára rárá. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìyá Ìbejì (Saint Paul)
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ Màmá, sà. Iṣẹ́ méjì ló pa pọ̀ nínú ìbéèrè yín. Ọ̀kan ni kí hítà ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí òtútù bá le jù. Ẹ yọ 38,000 nínú 50,000, ó ku 12,000. 3,412 BTU ni kìlówáàtì kan ń mú wá ní wákàtí kan, nítorí náà 3.5 kW péré lẹ nílò. 5 ti tó, ó tún ṣẹ́ kù. Èkejì ni kí hítà nìkan gbé ilé ró bí compressor (ọkàn ẹ̀rọ geothermal náà) bá kú. Ìyẹn á gbà tó 15. Àmọ́ 20? Lórí 240 volt, amp 83 ló ń fà, wọ́n á sì tún fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lé e kí wọ́n tó yan wáyà àti bírékà. Ó ti ju gbogbo pánẹ́ẹ̀lì yín lọ! Àfi kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó ńlá sì nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Òótọ́ lẹ sọ, mà, ṣùgbọ́n 10 kW ni èmi máa mú. Amp 42 ló ń fà, bírékà 60 á gbé e. Bí compressor bá kú ní -11°F, 10 kW nìkan á mú inú ilé dúró sí nǹkan bí 44°F. Kò tura, àmọ́ omi ò ní dì nínú páìpù títí oníṣẹ́ á fi dé. Bó bá jẹ́ 15°F ló wà níta, á gbé e dé 70. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣírò ẹrù tó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì ná o.

Dékọ́lá (Rochester)
Bí wọ́n ṣe tò ó ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Geothermal ń fi iná kan mú ooru tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, hítà ń fi kan mú kan. Ẹ ní kí wọ́n pín 10 yẹn sí ọ̀nà méjì, 5 àti 5, kí èkejì máa dúró de pàjáwìrì nìkan. Ẹ má sì máa rẹ thermostat (ohun tí ẹ fi ń yan ìwọ̀n ooru ilé) wálẹ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá ní kó ti 62 padà sí 70 láàárọ̀, hítà ló máa sáré wọlé, owó iná á sì fò sókè.

Bàbá Tọ́lá
Ẹ ṣé gan-an ni. 10 onípín méjì ni màá béèrè fún. Ààrò wa ń lo gáàsì, ṣùgbọ́n iná ni ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ń lò. Bí pánẹ́ẹ̀lì ò bá wá gbà á ńkọ́?

Ìyá Ìbejì
Ẹ fi 5 sí i nísinsìnyí, kí ẹ ra hítà kékeré 1,500 watt kan sí yàrá Màmá de pàjáwìrì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà ni kí ẹ ti so ó o, ẹ má fi extension fà á.