Orin Mọrèmí tí mo bèèrè lé lórí: ibi tí mo bá a dé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo bèèrè níjọ́sí pé báwo ni orin ẹgbẹ́ olórin ńlá ṣe lè dún bí òru tí Mọrèmí dúró létí odò Ẹsìnmìrìn láti jẹ́ ẹ̀jẹ́, kí ìlù má bò ó mọ́lẹ̀. A ti dán an wò ní Ifẹ̀ níbí.

Nínú àwọn tó dá mi lóhùn, ẹni tó ní kí n yọ ìlù kúrò pátápátá níbẹ̀rẹ̀ ló gbà mí. Sẹ́lò (fayolíìnì ńlá tó ń dún nísàlẹ̀) mẹ́rin ló gba ipò rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo, wọ́n ń fa okùn jẹ́ẹ́jẹ́ nítòsí igi kékeré tó gbé okùn dúró. Ó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Fún àwọn ará Ugbò, ọ̀tá Ifẹ̀ tó wọ ìko, àwọn onífayolíìnì yí ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa okùn padà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu okùn. Ó ń dún ṣaṣaṣa bí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ lò kò sún mọ́ ọn rárá.

Àbá pé kí orin tẹ̀lé ohùn orúkọ, Mọ-rè-mí, re do mi, ṣiṣẹ́ díẹ̀. Fèrè gbé e dáadáa, àmọ́ bí mo ṣe kó ohùn mìíràn lé e, do yẹn rì, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ mọ́. Mo fi í sílẹ̀ fún fèrè nìkan.

Ìparí ló kù. Ibi tí Mọrèmí ti fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ ṣì ń dún bí orin ìgbéyàwó. Màámi gan-an fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun o.